Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Èémí Lójú Oorun, àti Bí Àkọsílẹ̀ Rẹ̀ Ṣe Dọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Sùn

Ní Fìdítì àti Ìlọrà, bí àgbàlagbà bá ń hanrun títí ilé fi ń mì, wọ́n á ní iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́, oorun rẹ̀ dùn ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìhanrun tó bá ń dákẹ́ lójijì, tí ẹni náà á wà láìmí fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò wá ta gìrì kó tó mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹran inú ọ̀fun ló dẹ̀ tó sì dí ọ̀nà èémí. Ọpọlọ á ta á jí díẹ̀ kó lè mí, yóò tún sùn, ọ̀fun yóò tún dí. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà 30 láàárín wákàtí kan, kó má sì rántí ẹyọ kan bó bá di àárọ̀. Ohun tó máa mọ̀ kò ju pé òun ń tòògbé lọ́sàn-án lọ.

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tó gba àárín ìlú wọ̀nyí kọjá kì í ṣe ibi tó yẹ kí awakọ̀ ti máa tòògbé. Àwọn oníṣègùn kan wádìí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn awakọ̀ èrò nígboro Èkó, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013: nǹkan bí ìdajì àwọn awakọ̀ náà ni àmì wà lára wọn pé àìsàn yìí lè máa bá wọn jà.

Kí ọdún 1980 tó dé, ìtọ́jú tó dájú fún àìsàn yìí bó bá le ni kí wọ́n dá ihò sí aláìsàn lọ́rùn. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ní Sydney lórílẹ̀-èdè Australia, aláìsàn kan fárígá pé wọn ò ní dá ihò kankan sóun lọ́rùn. Dókítà Colin Sullivan, tó ti ń fi ìbòmú ṣe ìwádìí lára ajá, bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n dán nǹkan mìíràn wò fún òru kan. Ó fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn gba imú rẹ̀, ìwọ̀nba tí ọ̀fun kò fi ní lè padé. Ọkùnrin náà sun oorun àsùnwọra. Mọ́tò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀ ni wọ́n yí padà ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kó máa fẹ́ dípò kó máa fà. Ní 1981, Sullivan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa aláìsàn márùn-ún nínú ìwé ìròyìn The Lancet.

Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kì í rántí nǹkan kan, fífẹ́ ló ń fẹ́. Owó wà lára ohun tó kọ́ ọ ní ìrántí. Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ní àfi kí aláìsàn fi í sùn fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán lálẹ́, ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lára òru ọgbọ̀n, kí àwọn tó máa sanwó rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń sanwó ń ka àkọsílẹ̀, dókítà ń kà á, ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹni tó ni èémí kò rí ju nọ́ńbà bíi mélòó kan lójú ẹ̀rọ.

Mark Watkins, ará Australia kan tí òun fúnra rẹ̀ ń lo ẹ̀rọ náà, ló tú àṣírí inú káàdì mẹ́mọ̀rì tí ẹ̀rọ ń kọ àkọsílẹ̀ sí. Ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ka àkọsílẹ̀ náà, SleepyHead, ó sì fi tọrẹ. Nígbà tó gbé iṣẹ́ náà jù sílẹ̀ ní 2019, àwọn mìíràn gbà á ṣe, wọ́n sọ tiwọn ní OSCAR. Ọ̀fẹ́ ni, bó bá sì ti wọ kọ̀ǹpútà tán, kò tún bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó bá ilé wa mu.

Nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá ni AHI, iye ìgbà tí èémí dá tàbí tó relẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bí kò bá tó 5, ó dára. Bó bá tó 30, ó le. Èmi ò ní kọ́kọ́ wo ìyẹn. Iye wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ ni mo máa wò, nítorí NẸ́PÀ. Ká ní bàbá kan ní Ìlọrà sùn ní aago mẹ́wàá, tí wọ́n múná lọ ní aago méjìlá àbọ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, AHI rẹ̀ lè jẹ́ 2, kí tilétilé máa yọ̀. Wákàtí méjì àbọ̀ péré ni ẹ̀rọ kà. Títí di aago mẹ́fà, kò sẹ́ni tó ka nǹkan kan. Ọ̀nà ìdájí gan-an sì ni oorun tí a fi ń lá àlá máa ń pọ̀ sí, ìgbà náà ni ọ̀fun ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń dẹ̀ jù. Apá tó rọrùn nínú òru nìkan ni ẹ̀rọ jíṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí á wo atẹ́gùn tó ń jò. Ẹnu tó là sílẹ̀ tàbí ìbòmú tí kò dì dáadáa lè sọ òǹkà di àìdánilójú. Lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ResMed, ohun tó bá ti ju lítà 24 ní ìṣẹ́jú kan ti pọ̀ jù.

Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí wù mí jù nìyí: bí èémí bá dá, yóò rọra ta atẹ́gùn kéékèèké sí ọ̀fun láti mọ̀ bóyá ó ṣí tàbí ó dí. Bó bá ṣí tí ẹni náà kò sì mí, ọpọlọ ni kò pàṣẹ. Fífi kún agbára atẹ́gùn kò wo irú ìyẹn, ó tilẹ̀ lè dá kún un, dókítà ni kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ náà lọ bá.

Ẹni tó ń fi bátìrì tàbí ìnfátà sùn yẹ kó mọ̀ pé omi tí ẹ̀rọ ń mú gbóná láti fi mú atẹ́gùn rin ló ń jẹ iná jù, kì í ṣe fífẹ́. Pípa apá tó ń mú omi gbóná yìí máa ń mú kí bátìrì pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé imú á gbẹ nígbà ọyẹ́.

Ẹ̀rọ tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun náà lè jẹ́ tòkunbọ̀. Ní oṣù kẹfà 2021, ilé-iṣẹ́ Philips pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀rọ rẹ̀ padà nítorí fóòmù inú wọn tó lè fọ́ wẹ́wẹ́ kí ẹni tó ń lò ó fà á símú, ilé-iṣẹ́ náà sì ní ooru àti ọ̀rinrin lè dá kún un. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń mọ̀ bó bá wà lára wọn. Agbára atẹ́gùn tí wọ́n ṣe sórí rẹ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ lò ó náà lè ṣì wà níbẹ̀, kí oníṣègùn yí i sí ti ẹni tó fẹ́ lò ó kó tó gbé e sójú.