Ẹṣin Òjúde Ọba: Ta Ni Ń San Owó Ẹ̀kọ́ Rẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ ẹṣin la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ló kan aláta kan ẹṣin. Ó kàn wá jàre! Owó tí wọ́n fi ń kọ́ ẹṣin, etí aṣọ ìyá ọlọ́jà ló ti ń jáde lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ọkà bàbà ní Bódìjà ló mú ẹjọ́ náà wá. Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé ọkọ rẹ̀, ìdílé Balógun sì ni wọ́n. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò bá wọn gẹṣin lọ́jọ́ Òjúde Ọba. Bàbá ti ra ẹṣin ọlọ́dún méjì láti Òkè Ọya, ó wá ní kí ìyá gbé owó olùkọ́ ẹṣin. Ìyá rò pé oṣù kan péré ni. Àjọ tó kàn án, tó yẹ kó fi ra ọkà tuntun, ló fẹ́ kó lé e lórí.

A ò bá a wí. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n tọ́ka sí ọmọ òun pé ọmọ lágbájá nìyẹn? Lọ́jọ́ kẹta Ìléyá, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú bá pé síwájú ààfin Awùjalẹ̀, ojú ń rí nǹkan. Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba ayé kan. Ṣùgbọ́n ẹwà ọjọ́ kan la rí, a ò rí ìnáwó oṣù púpọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Ẹṣin tó bá tó 350 kílò yóò jẹ tó kílò 7 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́: koríko, ewé ẹ̀pà, èèrí àti ọkà. Oṣù kan jẹ́ kílò 210. Oṣù mẹ́ta jẹ́ kílò 630, ìyẹn ju àpò oníkílò 50 méjìlá lọ. A ò tíì ka omi, owó ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, oògùn aràn, dókítà ẹran, àti gígé pátákò ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ síra wọn. Gàárì àti ìjánu tún wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà kò sì ṣeé kánjú. Wọn a kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ ọwọ́ èèyàn, kó máa rìn yípo lórí okùn gígùn. Lẹ́yìn náà ni ìjánu, lẹ́yìn èyí ni gàárì láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, kó tó wá kan ẹni tó fúyẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń dúró àti bí a ti ń yí. Ti Òjúde Ọba tún le sí i: ìlù, ìbọn, agboòrùn, èrò. Ẹṣin tí kò gbọ́ ìbọn rí, tó bá gbọ́ ọ nínú èrò, ọmọ ta ni yóò gbé ṣubú? Ọlọ́dún méjì pàápàá, egungun rẹ̀ kò tíì gbó. Ó yẹ kó tó bí ọdún mẹ́ta kí àgbàlagbà tó máa gùn ún.

Ohun kan tún wà tí àwa ọlọ́jà yẹ kó tètè rí. Ìléyá ń ṣíwájú ní bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀, tí ẹ̀kọ́ ń gbóná, àsìkò yẹn gan-an ni ọkà ń wọ́n, torí ti àtijọ́ ti ń tán, tuntun kò tíì dé. Ẹni tí kò bá ra oúnjẹ ẹṣin pamọ́ nígbà ìkórè yóò rà á lójú ọ̀wọ́n.

Nítorí náà, kí a tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ bi olùkọ́ ẹṣin léèrè: Ṣé oúnjẹ wà nínú owó yìí? Ta ni yóò san ti dókítà? Oṣù mélòó ni? Kí la ó rí lópin oṣù kìíní? Oṣooṣù ni kẹ́ ẹ máa san, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́ ẹ sì máa lọ wò ó fúnra yín.

Àbọ̀ ẹjọ́ wa rèé. Ìyá bá bàbá sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, ó fi ìṣirò hàn án. Wọ́n gbà láti háyà ẹṣin tó ti gbẹ̀kọ́ fún ọmọ lọ́dún yìí, kí ti ilé máa dàgbà, kó sì máa mọ ọwọ́ èèyàn díẹ̀díẹ̀. Bàbá ni yóò san owó olùkọ́ ní oṣooṣù. Èèrí àti ọkà díẹ̀ láti inú ìsọ̀ ni ìpín ìyá. Àjọ rẹ̀ ra ọkà tuntun.

Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Tó bá sọ̀kalẹ̀, kó bá ìsọ̀ ìyá rẹ̀ níbi tó wà. Ọjà á tà o.