Ògiri Tí Kò Lanu: Kí Ni Ìwé-Ẹ̀rí Kọ̀ǹpútà Ń Jẹ́rìí Sí?

Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni púpọ̀ nínú wa ń tọ́jú àwòrán ìdílé, ìtàn ìlú àti ọ̀rọ̀ owó sí lónìí. Ó yẹ kí a yẹ ògiri náà wò.

Qubes OS, tí Joanna Rutkowska àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pólàǹdì gbé ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní ọdún 2012, sọ kọ̀ǹpútà di agbo-ilé oníyàrá púpọ̀: yàrá kan fún iṣẹ́, òmíràn fún owó, òmíràn fún lẹ́tà tí a kò mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Bí olè bá wọ ọ̀kan, kò rọrùn fún un láti dé èkejì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ìpìlẹ̀ ilé náà. VT-x ni ó ń jẹ́ kí a lè pín in sí yàrá. VT-d ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yà bíi ti Wi-Fi yọjú sí ìrántí tí kì í ṣe tirẹ̀. AMD ní irú tirẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn tó ni Qubes fi ń dán ẹ̀rọ wò, tí wọ́n sì ń fún èyí tó yege ní ìwé-ẹ̀rí. Wọ́n tún ń béèrè pé kí ètò tí ń jí ẹ̀rọ dìde, bíi coreboot, wà ní gbangba kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Librem 13 ti Purism ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí yìí, ní ọdún 2015. Lẹ́yìn náà ni NitroPad X230 ti Nitrokey ní Jámánì gbà á: ThinkPad ọdún 2012 tí a tún ṣe ni! Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tuntun ni ó láàbò jù.

Ìwé-ẹ̀rí náà ní ààlà. Ẹ̀yà ẹ̀rọ kan pàtó àti ẹ̀dà Qubes kan pàtó ni ó ń jẹ́rìí sí. Kò búra pé olè kò ní wọlé láéláé. Àkójọ ẹ̀rọ tí àwọn aṣàmúlò fúnra wọn kọ ránṣẹ́ yàtọ̀ sí i: ẹ̀rí ẹni tó lò ó ni, kì í ṣe ìdánwò ẹgbẹ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ ní Kùtọnu tàbí Àjàṣẹ́, ẹ béèrè orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ náà ní kíkún. Bí Qubes ni ẹ fẹ́ lò, ẹ tàn án kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wò ó bóyá VT-x àti VT-d wà níbẹ̀, kí ìrántí rẹ̀ má sì dín ní GB 6. GB 16 ni ó dára jù. Ojú ni a fi ń mọ ògiri tó lanu, kí aláǹgbá tó wọlé.