Ológbò Aládùúgbò nínú Ọgbà Ẹ̀fọ́

Olùkọ́ kan tí ó ti pẹ́ tí a ti mọ ara wa ni ó gbé ẹjọ́ yìí wá bá wa. Òun àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ ebè mẹ́fà s'ẹ́hìn ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Nwọ́n da ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà sí i, nwọ́n fọ́ ògúlùtu rẹ̀ títí ilẹ̀ fi kúná bí èlùbọ́, nwọ́n sì fọ́n hóró tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí mẹ́rin nínú wọn. Nwọ́n gbin tòmátì sí méjì tí ó kù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ọmọ sáré lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kòtò kéékèèké ni nwọ́n bá níbi tí nwọ́n fọ́n hóró sí. Tòmátì mẹ́jọ ti dojú bolẹ̀. Ìgbẹ́ ológbò sì wà l'ábẹ́ erùpẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ jọ. Báyìí ni ó rí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀rẹ́ wa ra májèlé eku ní ọjà, ó sì ra ẹja gbígbẹ méjì tí yóò fi í sí. Ọ̀nà ilé ni ó ńbọ̀ tí ó fi yà kí wa.

A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó. Ohun tí a bá a sọ l'ọ́jọ́ náà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, nítorí irú ẹjọ́ yìí kò ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, tí nwọ́n ní kí olúkúlùkù gbin oúnjẹ s'ẹ́hìnkùlé rẹ̀. Ìmọ̀ràn rere ni, nítorí orílẹ̀-èdè tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ kò tíì gba òmìnira tán. Ṣùgbọ́n àwa kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí a ó ṣe sí ológbò aládùúgbò.

Ológbò kò wá jẹ ẹ̀fọ́. Bí ewúrẹ́ bá wọ ọgbà, ebi ni ó gbé e wá; ibi tí yóò yàgbẹ́ sí ni ológbò ńwá ní tirẹ̀. Ẹ̀dá tí ó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni. Ilẹ̀ tí ó rọ̀, tí ó gbẹ, tí kò sí ohun kankan l'órí rẹ̀ ni ó ńwá, kí ó lè fi èékánná wa á, kí ó sì fi erùpẹ̀ bo ohun tí ó ṣe mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ wo ni ó wá dára tó ebè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ? Àwọn onímọ̀ tí nwọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ológbò wò, tí nwọ́n sì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2007, rí i pé ọ̀dọ̀ irú ológbò ọ̀dàn kan ni gbogbo ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá, ìbátan rẹ̀ sì ńrìn káàkiri nínú ọ̀dàn ilẹ̀ Áfríkà títí di òní. Ẹni tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé inú iyanrìn kò lè ṣàì dá ilẹ̀ rírọ̀ mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ní ìlú Tunis, ní ọdún 1908, Charles Nicolle àti Louis Manceaux rí kòkòrò àìfojúrí kan l'ára ẹran kékeré kan tí ó jọ eku. Toxoplasma gondii ni orúkọ tí nwọ́n sọ ọ́ l'ẹ́hìn náà. Ó di ìwọ̀n ọdún 1970 kí ó tó dá àwọn onímọ̀ l'ójú pé inú ìfun ológbò ni kòkòrò náà ti ńmú ẹyin jáde. Ìgbẹ́ tí ológbò ṣẹ̀ṣẹ̀ yà kò tíì lè ran ènìà, nítorí ẹyin náà ńfẹ́ ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó tó gbó. Bí ó bá ti gbó tán, ó lè wà nínú ilẹ̀ tí ó l'ọ́rinrin ju ọdún kan lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìà tí ó bá wọ̀ l'ára kò ní mọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí aboyún tí kò ní in rí bá kó o, oyún náà lè bàjẹ́, tàbí kí ojú tàbí ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ fara gbá a. Nítorí náà, ẹ máa fi ọkọ́ kó ìgbẹ́ náà kúrò l'ójoojúmọ́. Kí àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí nwọ́n bá ti inú ọgbà jáde. Kí a fi omi púpọ̀ ṣan ẹ̀fọ́. Kí aboyún sì fi ríro ebè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa gbọ́ èyí, ó dìde. "Ẹ ò ri pé májèlé yìí tọ́ sí i!"

A ní kí ó tún jókòó. Àwọn àgbà ní àìsí ńlé ológbò, ilé dilé èkúté. Èkúté tí nwọ́n sì ńwí yìí kì í ṣe ohun à ńfi ṣeré. Eku ni ó ńgbé ibà Lassa kiri, èyí tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Bọ̀rọ̀nú ní ọdún 1969. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ l'órí oúnjẹ ti tó láti kó bá ènìà. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ mọ ibà náà, àwọn ará Sierra Leone, Guinea àti Liberia sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ńka ohun tí ó yẹ kí a ṣe láti dènà rẹ̀, nwọ́n ní kí a pa ọkà mọ́ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí a da ìdọ̀tí jìnnà sí ilé. Nwọ́n sì ka níní ológbò n'ílé mọ́ ọn. Ní àdúgbò kan tí a gbé rí, ẹnìkan fi májèlé sínú ẹja nítorí ológbò. Ológbò kú lóòótọ́, ajá aládùúgbò kú tẹ̀lé e, kò sì pẹ́ tí eku fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tòmátì ọkùnrin náà l'órí igi. Àwọn tí ó ni ajá kò kí i mọ́ títí a fi kó kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àjẹ́ ni ológbò tí ńké l'óru. Àwa ti gbọ́ igbe ológbò l'óru ní London, ní òpópó tí kò sí ọmọ Yorùbá kankan bí kò ṣe àwa. Ìyàwó ni nwọ́n ńwá níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní òpópó yẹn kan náà ni obìnrin àgbàlagbà kan ti gún igi tín-ín-rín sínú ebè rẹ̀ títí ebè náà fi dàbí òòrẹ̀ tí inú ńbí. Ológbò kò rí àyè yí ara rẹ̀ po níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. A rẹ́rìn-ín nígbà náà; ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé ilé ni a rántí pé baba wa àgbà máa ńfi imọ̀ ọ̀pẹ bo ibi tí ó bá gbin irúgbìn sí, tí yóò sì to ẹsẹ̀ imọ̀ ẹlẹ́gùn-ún yí i ká. A ti rékọjá òkun lọ wo ohun tí a fi sílẹ̀ l'ẹ́hìnkùlé.

Ilẹ̀ tí ó ṣófo ni kí ẹ má ṣe fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fọ́n hóró tán, ẹ wọ́n omi sí i ní àṣálẹ́, nítorí ológbò kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tutù. Ẹ wá na àwọ̀n tí apẹja ti pa tì sórí èèkàn, kí ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ẹ fà á le dáadáa. Àwọ̀n tí ó dẹ̀ ńmú ẹyẹ àti aláǹgbá. Bí ewé bá ti bo ilẹ̀, ẹ lè ká a kúrò. L'ẹ́bàá tòmátì, ẹ̀gún tàbí igi tín-ín-rín ti tó. A ti gbìyànjú èèpo ọsàn. Ó ńṣiṣẹ́ títí yóò fi gbẹ, èyí tí kò ju ọjọ́ méjì lọ nínú ọyẹ́. Ata lílọ̀ ńdá ẹranko l'óró, òjò kan ṣoṣo sì ńgbá a lọ. Kánfọ̀ tí a ńfi sí àárín aṣọ, májèlé ni. Kò yẹ kí ó kan ilẹ̀ tí a ó jẹ nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ya ọ̀rẹ́ wa l'ẹ́nu jù ni pé a ní kí ó fún ológbò náà ní ilẹ̀ tirẹ̀: iyanrìn gbígbẹ ní igun kan, l'ábẹ́ ìbòji, jìnnà sí ebè, kí ó sì gbé díẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní kí ó lè dá ibẹ̀ mọ̀. Kí ó máa rì í mọ́lẹ̀ jìnnà l'ójoojúmọ́, kí ó má ṣe dà á sórí ààtàn tí ó ti ńkó ajílẹ̀. A sì ní kí ó lọ kí ìyá tí ó ni ológbò náà, kí ó tó mú ẹnu ba ẹjọ́.

Ó dá májèlé padà fún ẹni tí ó tà á. Ẹja méjèèjì, ó ní ìyàwó òun ti fi wọ́n se ọbẹ̀. Nígbà tí a lọ wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà l'ẹ́hìn náà, àwọ̀n ti kúrò l'órí ṣọkọ, tòmátì ńyọ òdòdó, ọmọdékùnrin kan sì ńfi ọkọ́ kékeré yẹ iyanrìn wò. Wolé-wolé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ńpè é. Ológbò náà jókòó sórí ògiri, ó ńwò ó. Ọ̀rẹ́ wa di ìdì ṣọkọ kan fún wa, a gbé e dé ilé, a sì ṣàn án l'ẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó wọ ìkòkò.