Ààbò ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lọ́wọ́ ìpalára oògùn

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń tú ọ̀pọ̀ oògùn tí ènìyàn gbé mì palẹ̀, kíndìnrín ni ó sì ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ kí èyí tí ara kò nílò lè bá ìtọ̀ jáde, ìdí nìyí tí oògùn tí yóò bá pa ènìyàn lára fi sábà máa ń ba ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì jẹ́. Ara kò ṣàì ní ààbò tirẹ̀. Àwọn èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní antioxidant, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti rọ oró ohun tí ó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́; ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń pèsè ọ̀kan nínú wọn, tí a mọ̀ sí glutathione, àwọn mìíràn sì wà nínú èso àti ewébẹ̀.

Lára parasítámọ́ọ̀ ni iṣẹ́ glutathione ti hàn jù. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń tú oògùn yìí palẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ a di olóró, glutathione a sì so mọ́ oró náà títí yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá pọ̀ jù, glutathione a tán kí oró tó tán. Ìwọ̀n tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24 ni 4,000 mílígíráàmù, ìyẹn hóró 8 nínú èyí tí a kọ 500 sí lára, ẹni tí ó rù àti ẹni tí ó ń mu ọtí àmupara kò sì gbọdọ̀ lò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ibà gbé dè ní ìlú Ìwàràjà, tí ó lo parasítámọ́ọ̀ fún orí fífọ́, tí ó fi oògùn ọ̀fìnkìn kún un, tí ó tún ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ akiri ní oríta tí ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti pínyà, lè ti lo parasítámọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ̀, nítorí pé orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lójú páálí wọn.

Ohun tí ilé-ìwòsàn fi ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là ni acetylcysteine, tí ara fi ń ṣe glutathione tuntun, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá lò ó láàárín wákàtí 8 lẹ́yìn tí ó gbé parasítámọ́ọ̀ náà mì. Kí aláìsàn má ṣe dúró de ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, nítorí ara lè dà bí ẹni pé ó le ní ọjọ́ kìíní. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, kí wọ́n sì mú páálí oògùn náà dání.

Ní ti antioxidant inú èso bí orógbó, Maurice Iwu àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 1987 lórí bí èròjà inú rẹ̀, kolaviron, ṣe ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Fárọ̀mbí ní Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lé e lórí. Wọ́n ti dán ewúro náà wò bẹ́ẹ̀. Ara eku ni púpọ̀ nínú ìdánwò wọ̀nyí ti wáyé o, pẹ̀lú èròjà tí wọ́n yọ, tí wọ́n sì wọ̀n, kì í ṣe orógbó tí ènìyàn rún lẹ́nu lẹ́yìn tí ó ti gbé hóró 20 mì. Àgbo tí wọ́n fi ọtí líle rẹ tilẹ̀ burú jù, nítorí àmupara ń dín glutathione kù.

Kíndìnrín ní ọ̀ràn tirẹ̀. Nígbà tí oògùn eyín ọmọdé tí à ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà láàárín 2008 sí 2009, diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ewébẹ̀ tí ó lè dènà irú oró bẹ́ẹ̀. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac ní tiwọn ń dín ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé kíndìnrín kù, pàápàá lára ẹni tí ó ń bì, tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tí oòrùn oko ti gba omi ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó lo èyíkéyìí nínú wọn.