Apọ́nbẹ: iṣẹ́ tí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ fẹ̀yìn tì

Alápatà tí ọ̀bẹ rẹ̀ bá kú, ẹran á pẹ́ lórí pákó rẹ̀. Télọ̀ tí àlùmágàjí rẹ̀ kò mú mọ́ á fa léèsì oníléèsì ya, á sì wá owó rẹ̀ san. Gbẹ́nàgbẹ́nà, onígbàjámọ̀, àgbẹ̀ tó ń ṣán oko, ìyá tó ń já ẹ̀fọ́ lọ́jà, ẹnu irin ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Síbẹ̀, bí a bá ń ka oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú, a kì í sábà rántí ẹni tó ń pọ́n irin náà. Àwọn àgbà sì ti wí pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè pọ́n ara rẹ̀. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí bẹ́líìtì sáńpépà ń sáré lórí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní iná mànàmáná lè pe ara rẹ̀ ní apọ́nbẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá, ká sì mọ ohun tó yẹ kó wà lórí ẹni tó ń ṣe é.

Pípọ́n ti wà kí irin tó dé. Àwọn òkúta dídán tí àwọn oníṢàngó ń tọ́jú, tí à ń pè ní ẹdùn àrá, àwọn awalẹ̀pìtàn sọ pé àáké ni púpọ̀ nínú wọn, àáké tí àwọn ará àtijọ́ fi òkúta mìíràn lọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi mú. Nígbà tí irin dé, àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ń gbé àdá tó ti jẹ lọ: alágbẹ̀dẹ á fi í síná, á fi owú lù ú títí ẹnu rẹ̀ á tún fi fẹ́lẹ́, á sì pọ́n ọn. Àgbẹ̀ ní òkúta tirẹ̀ lẹ́bàá ahéré. Onígbàjámọ̀ á fi abẹ ra awọ, á tún fi í ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó tó gbé e lé orí ọmọ ọlọ́mọ. Olúkúlùkù ló ń pọ́n tirẹ̀.

Ìlú ńlá ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ẹnìkan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Èkó, Ìbàdàn àti àwọn ìlú wa yòókù, ará Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri. Màláámù á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé èjìká, férémù igi tó ní kẹ̀kẹ́, okùn àti òkúta róbótó. Á gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, á máa fi ẹsẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ náà, òkúta á sì máa yí. Kò wá iná ìjọba, kò ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í fara sin, nítorí ojú ẹni tó ni ọ̀bẹ ló ti ń ṣe é, onítọ̀hún á sì dán an wò kó tó sanwó. Mo ka èyí sí iyì ńlá fún un.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà. Ní agbègbè Ourense, ní Galicia lórílẹ̀-èdè Sípéènì, iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ débi pé wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Ilẹ̀ Ẹta Iná. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ á ti kẹ̀kẹ́ ìpọ́nbẹ wọn láti ìlú dé ìlú, wọ́n á máa fun fèrè kékeré kí àwọn ìyàwó ilé lè gbọ́, wọ́n sì ní ẹnà tiwọn tí ará ìta kò gbọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní barallete. Wọ́n gbé fèrè náà sọdá òkun. Títí dòní ni apọ́nbẹ ṣì ń fun ún ládùúgbò Havana ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú ti fi Ògún sílẹ̀ fún ìran wọn, tí wọ́n ṣì ń bọ ọ́ níbẹ̀.

Àmọ́ ìlú tó yẹ ká fara balẹ̀ wò ni Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé wọ́n sọ iṣẹ́ yìí di nǹkan tí òfin mọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1624, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tó dá Company of Cutlers in Hallamshire, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ agbègbè náà, sílẹ̀. Nígbà náà, ẹgbẹ́ yìí ló ń rí sí bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́, sí àmì tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ sára ọ̀bẹ rẹ̀, àti sí bí ojúlówó ọjà kò ṣe ní bàjẹ́. Àwọn apọ́nbẹ ibẹ̀ á jókòó sórí ìjókòó igi lẹ́yìn òkúta ńlá tí omi odò ń yí, wọ́n á tẹ̀ síwájú lé e lórí. Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà, Shepherd Wheel, ṣì wà lẹ́bàá odò Porter, ó ti di ibi tí àwọn ènìyàn ń wá wò.

Òkúta yanrìn ni wọ́n fi ń pọ́n, eruku rẹ̀ sì ni ikú wọn. Nígbà mìíràn òkúta náà á là pẹ̀ẹ̀ lórí eré, á pa ẹni tó jókòó tì í. Ṣùgbọ́n eruku ló pa púpọ̀ jù. Àwọn tó ń lo omi sí òkúta sàn díẹ̀. Àwọn tó ń pọ́n ọn ní gbígbẹ, pàápàá àwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀kì, ẹ̀dọ̀fóró wọn kì í pẹ́ bàjẹ́. Dókítà George Calvert Holland tẹ ìwé jáde lórí àìsàn yìí ní 1843. Nínú ìwé tí Friedrich Engels kọ ní 1845, ó mú ẹ̀rí dókítà mìíràn ní Sheffield wá pé agbára káká ni ọjọ́ orí àwọn tó ń pọ́n ní gbígbẹ fi ń pé 35, ti àwọn tó ń lo omi kì í sì í sábà ju 45 lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé fáànù tó lè fa eruku náà wà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kan kọ̀ ọ́: wọ́n ní bí ikú bá dínkù, òṣìṣẹ́ á pọ̀, owó iṣẹ́ á sì wálẹ̀.

Òkúta tí ènìyàn ṣe ló gba ipò òkúta yanrìn lẹ́yìn náà, láti ìgbà tí Edward Acheson ti Amẹ́ríkà ti rí silicon carbide ṣe ní 1891. Sáńpépà ara bẹ́líìtì òde òní wá láti ìdílé kan náà. Eruku rẹ̀ kò burú tó ti Sheffield, ṣùgbọ́n eruku irin ṣì ni. Ẹni tó ń pọ́n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìbo imú ń ṣe ara rẹ̀ níbi. Ewu mìíràn wà fún káfíńtà: bí a bá fi ẹ̀rọ tó kún fún lẹ́búlẹ́bú igi pọ́n irin, ẹta iná lè ràn mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro yé. Mọ́tò kékeré ń yí rólà bíi mélòó kan, bẹ́líìtì sì ń sáré lórí wọn. Bẹ́líìtì èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 1, ó gùn ní íǹṣì 30. Àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ tà máa ń lo èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 2, tó gùn ní 72. Sáńpépà nọ́ńbà 80 àti 120 ń jẹ irin kíákíá. 400 lọ sókè ń dán an. Àdá tó ti fẹnu gbá òkúta lóko, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí á fi tún un ṣe. Níbi tí kò bá sí irin pẹlẹbẹ lẹ́yìn bẹ́líìtì, á tẹ̀ díẹ̀ tí ọ̀bẹ bá kàn án, á sì fi ikùn kékeré sílẹ̀ lẹ́yìn ẹnu irin náà. Ikùn yẹn gan-an ni àdá àti àáké nílò kí ẹnu wọn má baà tètè ṣẹ́.

Eré rẹ̀ ló léwu. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí kò mọ̀ ju eré kan ṣoṣo lọ, ó sì ju ẹsẹ̀ bàtà 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnu ọ̀bẹ fẹ́lẹ́, kíá ló ń gbóná. Iná àti omi alágbẹ̀dẹ ló fún irin ní líle rẹ̀, ooru àpọ̀jù sì lè gbà á padà. Irin tó bá gbóná dé nǹkan bí 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius á yọ àwọ̀ ìyeyè. Tó bá dé nǹkan bí 300, á di àwọ̀ aró. Ọ̀bẹ tí aró yìí bá yọ lẹ́nu rẹ̀ ti rọ̀ níbẹ̀. Á mú lónìí, á kú lọ́la, bí a bá sì fi sáńpépà pa àwọ̀ náà rẹ́, líle rẹ̀ kò ní padà. Ọwọ́ òfìfo ni ọ̀gá fi ń ṣiṣẹ́ yìí, kí ìka rẹ̀ lè mọ̀ nígbà tí irin ń gbóná, kí ìbọ̀wọ́ má sì há sínú ẹ̀rọ. Omi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ yòókù ni ti ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn kó tó sá jáde níbi ẹnu, torí ẹnu tó bá kọjú sí eré bẹ́líìtì lè gé e, kó sì ta dànù. Ṣóńṣó ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá àárín bẹ́líìtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á di róbótó. Àlùmágàjí le jù: ìta ẹnu rẹ̀ nìkan là ń pọ́n. Inú tí ojú méjèèjì fi ń kan ara wọn jìn díẹ̀, ẹni tó bá fi bẹ́líìtì tẹ́ ẹ ti ba àlùmágàjí télọ̀ jẹ́ pátápátá.

Ẹgbẹ́ télọ̀ wà, ẹgbẹ́ wẹ́dà wà, ọmọ iṣẹ́ wọn á sì gba fíríìdọ́ọ̀mù lójú ọ̀gá àti òbí. Ẹni tó ń pọ́n irin iṣẹ́ wọn kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ irinṣẹ́ olówó ńlá ni wọ́n ń fi lé e lọ́wọ́. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí gba apọ́nbẹ mọ́ra, kí wọ́n fún un ní ààyè lọ́jà, kí ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà rí ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ.

Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin tó ni ọ̀bẹ lẹ máa wò ó fúnra yín. Ẹ wo àwọ̀ ẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ fi gé tòmátì tó rọ̀. Bí apọ́nbẹ bá sì ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù kí òun ti irin bọmi kó tó tún padà sórí bẹ́líìtì, ẹ dúró dè é.