Ẹ̀gbọ́n Tí Yunifásítì Ń Wá fún Ọmọ Yín

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì rí, ìbáà ṣe Alief níhìn-ín ni a bí i sí.

Bí ìwé bá dé pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí a máa wí pé, "Ìwé ni mo rán ọ lọ kà, n kò rán ọ lọ ṣeré." Ẹ jẹ́ kí a tún un rò. Àwọn tí ó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn nínú wa rántí ayẹyẹ ìgbaniwọlé: a wọ aṣọ, a búra, a ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ta ni ó mú wa mọ ọ̀nà? Ẹ̀gbọ́n kan tí ó gbọ́ pé ìlú kan náà ni a ti wá ni.

Irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àwọn yunifásítì ibí ń wá fún ọmọ. Ní Rice, ní Houston yìí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí wọ́n ń pè ní O-Week ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà fi ń kó àwọn tuntun mọ́ra, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Texas A&M ti ń ṣe Fish Camp láti ọdún 1954; ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó lọ pàgọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń lọ báyìí. "Ẹja" ni ìnagijẹ ọmọ ọdún kìíní níbẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Vincent Tinto kọ ọ́ ní ọdún 1975 pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni ó ń mú ọmọ fi yunifásítì sílẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ẹgbẹ́ bá ṣe, tí kò sì súnmọ́ olùkọ́, lè tètè kúrò. Ọmọ tí yóò máa ti Alief wakọ̀ lọ sí Yunifásítì Houston lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí kíláàsì bá ti parí, inú ọkọ̀ ló kù. Ta ni yóò bi nígbà tí ìṣirò bá dojú rú?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ ka ìwé náà dé òpin. Bí owó bá wọ̀ ọ́, ẹ béèrè bí ìrànwọ́ bá wà. Bí ọmọ bá sì padà dé, ẹ má bi í pé kí ni ó kọ́. Ẹ ní kí ó dárúkọ ènìyàn mẹ́ta: ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan, òṣìṣẹ́ yunifásítì kan. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ ẹni tí yóò bi.