Họlidé Nínú Yàrá Ìwádìí: Ǹjẹ́ Kí A Jẹ́ Kí Ọmọ Lọ?



Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ bẹ àwọn ará wa wò ní London. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Mo ti bá a wá iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó fún họlidé yìí, ká lè fi owó rẹ̀ kún owó ilé. Ó ní Jámánì lòun ń lọ, pé òun fẹ́ lọ po kẹ́míkà fún oṣù mẹ́ta. Ta ní ń fi họlidé po kẹ́míkà?" Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó dorí kodò. Ọdún kejì rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì ló ń parí lọ.

N kò dá ìyá náà lẹ́bi. Owó ilé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n n kò lè gbani nímọ̀ràn lórí ohun tí n kò mọ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ọmọ náà sì kó gbogbo ìwé rẹ̀ wá. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí lè kan ilé tiyín náà lọ́la.

Kí Ni Ètò Náà?

Àjọ kan wà ní Jámánì tí à ń pè ní DAAD. Láti ọdún 1925 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pàṣípààrọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ láàárín Jámánì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ètò rẹ̀ ni RISE. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Britain, Ireland, Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí wọ́n ti ka ó kéré tán ọdún méjì, ló wà fún. Wọn yóò fi oṣù méjì sí mẹ́ta nínú họlidé ìgbà ooru ṣe ìwádìí lábẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan tó ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó láti fi ṣiṣẹ́. Àjọ náà ń fún wọn ní owó oúnjẹ àti ilé lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí ọmọ lè fi ránṣẹ́ sílé.

Ní Amẹ́ríkà, National Science Foundation ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní REU, láti ọdún 1987. Nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ló sábà máa ń wà ní ibùdó kan, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ọmọ orílẹ̀-èdè náà, tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé, ni owó rẹ̀ wà fún. Ọmọ tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀.

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1824, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan, Justus Liebig, di olùkọ́ àgbà ní ìlú Giessen ní Jámánì. Ó jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ kẹ́mísírì, dípò kí wọ́n kàn jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Láti Britain àti Amẹ́ríkà ni àwọn ọ̀dọ́ ti lọ bá a, wọ́n sì gbé ọgbọ́n náà lọ sílé. Àwọn àgbà wa kò purọ́: àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Kí Ni Wọ́n Ń Ṣe Níbẹ̀?

Nínú kíláàsì, olùkọ́ ti mọ ìdáhùn kí ó tó béèrè. Nínú ìwádìí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ṣàlàyé ọ̀kan fún mi báyìí: bí a bá kán tàdáwà dúdú sórí bébà tó ń fa omi, tí a ki etí bébà náà bọ omi, omi yóò gòkè, àwọ̀ inú tàdáwà yóò sì pínyà. Irú ọgbọ́n yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n pò ti di ohun tuntun, tàbí ó ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Wọ́n ń wọ awò tó ń dáàbò bo ojú àti ìbọ̀wọ́. Wọ́n sì ń kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, wọn kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà la á láàárín, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i.

Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Já Sí

Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ fún ìyá náà pé òtítọ́ ni ètò náà, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò ní ní in lára. Ó ronú títí, ó jẹ́ kí ọmọ lọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gba iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ó le fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni iṣẹ́ ọmọ náà kò fi yọrí. Ó pe ìyá rẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá náà sọ fún mi pé díẹ̀ ló kù kí òun ní kó padà wálé. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé omi díẹ̀ ló ń wọ inú ohun tí wọ́n ń pò. Nígbà tí ọmọ náà dé, mo bi í léèrè ohun tó kọ́. Ó ní, "Pásítọ̀, mo kọ́ bí a ṣe ń sọ pé mi ò mọ̀, ká sì padà wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì."

Ìmọ̀ràn Fún Àwọn Òbí

Èkíní, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ètò yìí ń gba ìwé ìbéèrè ní oṣù púpọ̀ ṣáájú họlidé. Èkejì, ẹ má ṣe san owó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun yóò "bá ọmọ yín ṣe é." Kí ọmọ lọ bi olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Ẹ̀kẹta, ẹ wádìí ọ̀rọ̀ físà, ilé gbígbé àti ìtọ́jú bí ara kò bá yá, kí ọmọ tó gbéra.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Ìlọrin, ilẹ̀kùn méjì tí mo dárúkọ yìí kò ṣí sí wọn láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n SIWES, tí àwọn ọmọ ń pè ní IT, wà nílẹ̀ láti ọdún 1973. Ẹ má ṣe fi ọmọ tó ń ka kẹ́mísírì sí ọ́fíìsì ìbátan yín, níbi tí yóò ti máa ra oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá. Ẹ bá a wá ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi, oògùn, ọ̀dà tàbí oúnjẹ wò, ì báà jìnnà sílé díẹ̀.

Bí ilé yín kò bá sì lè jẹ́ kí ọmọ lọ lọ́dún yìí, ẹ má ṣe fi ṣẹ̀sín. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ fi ìṣirò owó ilé hàn án. Ọmọ tó bá mọ ìdí yóò lè fara dà á, yóò sì tún béèrè lọ́dún tó ń bọ̀.